Agbẹ́lẹ̀ Wúkọ́

Ọdún méjì ni mo fi ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé-iṣẹ́ omi
kí wọ́n tó bu ọwọ́ lùwé pé kí n máa wọ́ ọ lọ.
Ẹ̀yìn ọgbà wọn ní Òmù-Àrán ló kúnlẹ̀ sí,
táyà rẹ̀ ti jẹrà bí iṣu ọdún tó kọjá,
èsìsì ti hù lórí ìjókòó,
adìyẹ kan sì sàba lé ẹyin mọ́kànlá nínú ọkọ́ iwájú.
Mo ní kó pa wọ́n tán ná
kí n tó so ṣéènì.

Ìyá Sálímótù ní: “Owó kajú wa lo kó lé irin.
Jímọ̀, irin kì í bímọ.”
Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni mo fi ètè há,
n kò lè fèsì.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀.
Ọkọ́ níwájú bíi tàgbẹ̀,
apá gígùn lẹ́yìn bí ìrù àkekèé.
Àwa ọmọdé a sá, a tún padà wá wò ó,
lọ́dún tí wọ́n la kòtò páìpù láti ìdí òkè dé ọjà,
tí wọ́n ní omi ń bọ̀,
omi ń bọ̀.

Písítìn mẹ́rin, mẹ́ta há.
Mo da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì lé wọn lórí,
mo fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹni rẹ ẹ̀gẹ́ sódò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀kan mì.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Síìlì apá ẹ̀yìn kò sí lọ́jà.
Ní Ìlọrin, àwọn ọmọ tó ń ta ìyẹn fi tiwọn wé tèmi,
wọ́n ní, “Bàbá wa ló mọ irú èyí.”
Bàbá náà wà lórí ẹní ní Òkèlélé,
ó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà bẹ́líìtì àtijọ́ yípo,
kò wọ̀n ọ́n,
àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló ń wò.
Ó wọ̀ ọ́n rẹ́gí.

N kò kun ún ní ọ̀dà tuntun.
Ìgbà tí mo ha ìpẹtà abẹ́ ìjókòó
ni mo rí ibi tí ẹnìkan ti fi ìṣó kọ ọ́: ṢÍTÙ.
Wọ́n ní ó wà láàyè ní Àrán-Ọ̀rin, pé ojú rẹ̀ ti fọ́.

Bátìrì lọ́rì méjì.
Agbẹ́lẹ̀ wúkọ́, ó dákẹ́.
Ó wúkọ́.
Alángbá kan já bọ́ láti inú ihò èéfín,
èéfín dúdú tẹ̀ lé e,
Ìyá Sálímótù sáré jáde tòun tọmọrogùn.
Ó gbóhùn!

A gbé Bàbá Ṣítù gorí ìjókòó.
Kò kí mi kú iṣẹ́.
Ó fi imú fa afẹ́fẹ́:
“Ta ló ń fún un ní ọ́ìlì tó ṣàn báyìí?”
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ọ̀pá wo ń ṣe.
“Ẹ darí mi dé iwájú pósítọ́fíìsì.”
Níbẹ̀ ló ti sọ apá náà kalẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́,
bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
Ó wa ẹ̀ẹ̀kan, ó wa ẹ̀ẹ̀kejì, ó dáwọ́ dúró.
“Ó tó. Ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi ṣe ìyókù.
Mo sin páìpù kan síbí.”

Àjàdí, ọmọ iṣẹ́ mi, walẹ̀ dé orúnkún.
Páìpù nìyẹn, kòlútà ara rẹ̀ ṣì ń dán.
Ó fi sípánà kàn án:
ó dún bí igbá òfìfo.

Bàbá tẹ́tí.
“Omi ńkọ́?” ló wí.

Ọmọ kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó ru kẹ́ẹ̀gì.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Agbẹ́lẹ̀ ṣáà ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀,
ó ń jó dísù olówó gọbọi,
Ìyá Sálímótù sì ń wò mí.